Kí Ẹ Gba Mọ́géèjì Lọ́wọ́ Onílé, Àbí Kí Ẹ Yá Tuntun? Ìfiwéra fún Ẹbí Tó Fẹ́ Ra Ilé ní Amẹ́ríkà

Ní oṣù kìíní ọdún 2021, èlé mọ́géèjì (owó tí ènìyàn yá láti fi ra ilé) ọgbọ̀n ọdún ní Amẹ́ríkà wálẹ̀ dé 2.65% nínú ìṣirò tí Freddie Mac, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ra mọ́géèjì lọ́wọ́ àwọn báǹkì, máa ń gbé jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò tíì kéré tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe ìṣirò náà. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kẹwàá 2023, ó ti gòkè dé 7.79%, kò sì padà wá sísàlẹ̀ 6% kí ọdún 2025 tó parí. Ẹni tó ra ilé nígbà tí èlé rọ̀ kò fẹ́ tà á, ẹni tó sì fẹ́ rà kò lágbára owó oṣooṣù. Ibi tí ọ̀rọ̀ le sí yìí ni gbígba mọ́géèjì lọ́wọ́ onílé ti wọlé: ẹ ra ilé, ẹ sì ń bá gbèsè tí onílé ti ń san bọ̀ lọ, pẹ̀lú èlé àtijọ́ rẹ̀ àti iye ọdún tó kù lórí rẹ̀.

Ọ̀nà yìí ti ṣe àwọn ẹbí wa kan láǹfààní gidi ní agbègbè Houston, àti ní Bowie àti Laurel ní Maryland. Ó sì ti gbé àwọn mìíràn sínú gbèsè méjì nígbà tí mọ́géèjì tuntun kan ṣoṣo ì bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wọn ló rí èlé kékeré. Àlàfo tó wà láàrin iye tí wọ́n ń ta ilé àti iye gbèsè tó kù lórí rẹ̀ ló pinnu ìhà tí oníkálukú bọ́ sí. Àlàfo yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó béèrè iye yàrá.

Mọ́géèjì wo ló ṣeé gbà?

Mẹ́ta ni, ìjọba ló sì ṣe onídùúró fún wọn: èyí tí FHA (àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé) dúró fún, èyí tí VA (ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn tó ti ṣe ológun) dúró fún nítorí àwọn ológun àti àwọn tó ti sìn rí, àti èyí tí USDA (ilé iṣẹ́ ìjọba lórí ọ̀gbìn) dúró fún nítorí ilé ìgbèríko. Ti USDA ní òfin tirẹ̀ lórí iye tó ń wọlé fún ẹbí àti ibi tí ilé wà, kò sì wọ́pọ̀ ní àwọn ìlú tí a pọ̀ sí, nítorí náà FHA àti VA ni mo máa sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ní ti mọ́géèjì yòókù, èyí tí ìjọba kò dúró fún, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ló ní ìlà kan nínú ìwé tó ní bí ilé bá ti lè kúrò lọ́wọ́ ẹni tó yáwó, gbogbo gbèsè náà di sísan lẹ́ẹ̀kan. Òfin Garn-St Germain ti ọdún 1982 ló fún ìlà yìí lágbára káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Bí éjẹ́ǹtì bá ní "wọ́n á gbà", ẹ ní kó fi ìwé hàn yín.

Ìwé náà kò ṣòro kà. Ọ́fíìsì county (ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀) ni wọ́n ti ń fi í pamọ́, ẹnikẹ́ni ló sì lè béèrè láti wò ó. Bó bá jẹ́ ti VA, ẹ máa rí gbólóhùn kan níbẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà: THIS LOAN IS NOT ASSUMABLE WITHOUT THE APPROVAL OF THE DEPARTMENT OF VETERANS AFFAIRS OR ITS AUTHORIZED AGENT. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ka ìdajì rẹ̀, wọ́n á ní kò ṣeé gbà, wọ́n á sì kọjá lọ. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ kò lè gbà á àfi kí VA tàbí aṣojú rẹ̀ fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ ti FHA, nọ́ńbà FHA máa wà lójú ewé àkọ́kọ́.

Ẹ má retí pé wọn ò ní yẹ̀ yín wò o. Ó ti pẹ́ tí ayé gba-mọ́géèjì-má-ṣàlàyé ti lọ. Gbogbo mọ́géèjì FHA tí wọ́n buwọ́ lù láti ọjọ́ 15 oṣù kejìlá 1989, àti ti VA láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 1988, ló ń béèrè pé kí wọ́n yẹ kírẹ́díìtì (àkọsílẹ̀ bó ṣe ń san gbèsè), iṣẹ́ àti owó tó ń wọlé fún ẹni tó fẹ́ gbà á wò. Nípa ti àyẹ̀wò, gbígba ti onílé àti yíyá tuntun dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Ká ní ilé kan wà ní Katy, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, tí wọ́n ń tà ní $350,000. Onílé yá $270,000 lábẹ́ FHA ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, èlé 3%, ọgbọ̀n ọdún. Lẹ́yìn tó ti san án fún ọdún márùn-ún, gbèsè tó kù jẹ́ nǹkan bíi $240,000. Àlàfo ilé yìí jẹ́ $110,000, owó náà sì gbọ́dọ̀ tó onílé lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá buwọ́ lùwé.

Ká tún ní ẹ ní $110,000 yìí lọ́wọ́. Ẹ lè kó o fún onílé, kí ẹ gba mọ́géèjì rẹ̀. Ẹ sì lè fi ṣe owó àkọ́san, kí ẹ lọ yá $240,000 tuntun ní èlé 6.5%. Bí méjèèjì ṣe rí nìyí, láìka owó orí ilé àti ínṣọ́ránsì ilé:

| | Gbígba ti onílé (FHA, 3%) | Mọ́géèjì tuntun (6.5%) |
|---|---|---|
| Owó tí ẹ kó sílẹ̀ | $110,000 | $110,000 |
| Gbèsè tí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ | $240,000 | $240,000 |
| Owó oṣooṣù, gbèsè àti èlé | $1,138 | $1,517 |
| Ínṣọ́ránsì mọ́géèjì lóṣù | nǹkan bíi $170 | kò sí |
| Àpapọ̀ lóṣù | $1,308 | $1,517 |
| Iye ọdún | 25 | 30 |
| Gbèsè tó kù lẹ́yìn ọdún márùn-ún | $205,300 | $224,700 |

Ẹ dúró díẹ̀ lórí $170 yẹn, nítorí àwọn tó ń polówó irú ilé yìí kì í sábà mẹ́nu bà á. Ẹni tó bá yá FHA láti oṣù kẹfà 2013, tí owó àkọ́san rẹ̀ kò tó 10%, á máa san ínṣọ́ránsì mọ́géèjì, èyí tó ń dáàbò bo ẹni tó yá a lówó bí kò bá rí i san, títí gbèsè á fi tán. Fún ẹni tó yá a ní 2021 pẹ̀lú àkọ́san 3.5%, ìdíwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0.85% gbèsè lọ́dọọdún. Ní oṣù kẹta 2023 ìjọba dín in kù sí 0.55%, ṣùgbọ́n fún mọ́géèjì tuntun nìkan. Àwọn tó ti yá tẹ́lẹ̀ kò jẹ nínú rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn kò sì ní jẹ nínú rẹ̀. Ní ìhà kejì, ẹni tó kó $110,000 sílẹ̀ lórí ilé $350,000 ti kọjá 20% tí báǹkì ń wá, kò ní san kọ́bọ̀ ínṣọ́ránsì mọ́géèjì.

Nítorí náà, $379 tí ìpolówó máa sọ pé ẹ óò rí lóṣù ti di $209. Ó ṣì dára. Láàrin ọdún márùn-ún, ẹ ti fi bíi $12,500 pamọ́ sápò, gbèsè yín sì fi $19,400 kéré sí ti ẹni tó yá tuntun, nítorí pé nígbà tí èlé bá kéré, ìpín tó pọ̀ nínú owó oṣooṣù ló ń lọ sórí gbèsè fúnra rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní $31,900. Owó ilé ìwé ọmọ nìyẹn.

Àwọn onílé náà ti gbọ́n, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́. Wọ́n á fi owó lé iye ilé nítorí èlé kékeré yẹn. Bí wọ́n bá fi $15,000 lé ti inú àpẹẹrẹ wa, tí ẹ bá ka owó oṣooṣù nìkan, ọdún mẹ́fà ni kí ẹ tó rí i padà. Tí ẹ bá ka gbèsè tó ń yára dín mọ́ ọn, bí ọdún méjì àbọ̀ ni. Ẹbí tó mọ̀ pé òun á gbé ilé náà títí àwọn ọmọ á fi jáde girama lè farada irú àfikún bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ilé iṣẹ́ lè gbé lọ sí ìlú mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀, kó má san án.

Bí owó ọwọ́ yín kò bá tó àlàfo

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le jù, torí ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní $110,000 nílẹ̀. Ká ní $35,000 lẹ ní. Ẹ nílò $75,000 sí i.

Bí ẹ bá rí ẹni yá yín ní $75,000 náà ní èlé 9% fún ọdún 15, $761 lẹ ó máa san lórí rẹ̀ lóṣù. Ẹ fi kún $1,308, àpapọ̀ di $2,069. Bí ẹ bá ní kí ẹ kúkú fi $35,000 ṣe àkọ́san 10% lórí FHA tuntun, wọ́n á fi 1.75% ínṣọ́ránsì ìbẹ̀rẹ̀ kún gbèsè, á di bíi $320,500. Ní 6.5%, pẹ̀lú ínṣọ́ránsì oṣooṣù, ẹ ó máa san $2,157. Gbogbo wàhálà gbígba mọ́géèjì onílé ti di èrè $88 lóṣù. Àǹfààní rẹ̀ tó kù ni pé gbèsè kejì máa parí lẹ́yìn ọdún 15, owó oṣooṣù á sì já wálẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yáwó kejì bá jẹ́ 12%, $900 ni ẹ ó máa san lórí rẹ̀, àpapọ̀ á di $2,208. Mọ́géèjì tuntun ti borí lóṣù.

Ẹ máa pò èlé méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó dùnnú sí ẹyọ kan. $240,000 ní 3% pẹ̀lú $75,000 ní 9% jẹ́ ìpíndọ́gba 4.4%, ẹ fi ínṣọ́ránsì mọ́géèjì lé e, ó ti súnmọ́ 5.1%. Iye yẹn ni kí ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ èlé tí báǹkì ń dá lé yín lónìí. Nǹkan mìíràn tún ni pé kì í ṣe gbogbo báǹkì ló ń yá ènìyàn ní owó kejì sórí mọ́géèjì tó gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ wá a kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ìrajà, ẹ má ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tó sàn ju kí ẹ máa wá owó sí àlàfo ńlá ni kí ẹ wá ilé tí àlàfo rẹ̀ kéré. Ilé tí wọ́n rà ní ìparí 2021 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ 2022, nígbà tí owó ilé ti ga ṣùgbọ́n tí èlé kò tíì gun òkè tán, ṣì sábà máa ń ní gbèsè púpọ̀ lórí. Ẹ tún lè bá onílé sọ ọ́ kó gba apá kan owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mélòó kan, kí agbẹjọ́rò kọ ọ́ sílẹ̀, kí ilé iṣẹ́ tó ń gba owó mọ́géèjì sì mọ̀ sí i. Onílé tó fẹ́ tètè kúrò máa ń gbọ́.

Fún Mùsùlùmí tó ń sá fún èlé, 3% ṣì jẹ́ èlé. Ọ̀nà yìí kò yanjú ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fi dá yín lọ́kàn balẹ̀.

FHA àti VA kò dọ́gba

Bí mo bá ní kí n yàn láàrin méjèèjì fún ẹbí mi, VA ni. Kò ní ínṣọ́ránsì oṣooṣù rárá. Owó tí VA ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó gba mọ́géèjì jẹ́ 0.5% gbèsè tó kù. Lórí $310,000, $1,550 nìyẹn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ológun sì lè ra ilé láìsan àkọ́san kankan, nítorí náà gbèsè orí ilé wọn máa ń ga, àlàfo sì máa ń kéré. Kò pọn dandan kí ẹni tó fẹ́ gbà á ti ṣe ológun rí.

Onílé gan-an ni nǹkan lè pa lára. Ẹ̀tọ́ tí ìjọba fún un láti yáwó VA ṣì máa so mọ́ ilé yẹn títí ẹ ó fi san gbèsè tán, àfi bí ẹni tó gbà á bá jẹ́ ológun bíi tirẹ̀, tó sì fi ẹ̀tọ́ tirẹ̀ rọ́pò. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń kọ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún un kí ẹ lè rí ilé rà; ẹ sọ ọ́ fún un, kó fi ojú ara rẹ̀ yàn.

Àwa náà ní àwọn ológun nínú ẹbí. Láàrin 2009 àti 2016, ètò MAVNI gba àwọn àlejò tó wà ní Amẹ́ríkà lọ́nà òfin láyè láti wọṣẹ́ ológun nítorí èdè tí wọ́n gbọ́, Yorùbá sì wà nínú àwọn èdè náà. Àwọn tó gba ibẹ̀ wọlé, tí wọ́n sì sìn tó bí òfin ṣe béèrè, ní ẹ̀tọ́ VA lónìí. Bí ọkọ tàbí ìyàwó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tó sì máa gbé inú ilé náà, ẹ ti ní ohun tí onílé VA ń wá. Ẹ sọ ọ́ fún un nínú lẹ́tà àkọ́kọ́.

FHA tirẹ̀ kò ní ìdíwọ́ ẹ̀tọ́ yìí, ó sì wọ́pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ máa gbé inú rẹ̀, kì í ṣe ilé àfirẹ́ǹtì. Nínú méjèèjì, onílé gbọ́dọ̀ gba ìwé tó tú u sílẹ̀ kúrò nínú gbèsè náà. Bí kò bá gbà á, ọjọ́ tí ẹ bá kùnà láti san, òun ni wọ́n á wá. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń ta ilé tiyín báyìí fún ẹlòmíràn, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ láìrí ìwé yẹn, ìbáà ṣe ọmọ ìyá yín ló ń rà á.

Àkókò, owó iṣẹ́ àti ìwé

Mọ́géèjì tuntun máa ń parí láàrin ọgbọ̀n sí márùndínláàádọ́ta ọjọ́. Ti gbígbà, òfin FHA àti ti VA fún ilé iṣẹ́ tó ń gba owó oṣooṣù ní ọjọ́ 45 láti dáhùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí gbogbo ìwé bá pé ni wọ́n ti ń ka a. Wọ́n lè pe ìwé kan náà padà lẹ́ẹ̀mẹta. Oṣù méjì, oṣù mẹ́ta, kì í ṣe nǹkan ìyanu. Kò sí èrè púpọ̀ níbẹ̀ fún wọn: iye tó pọ̀ jù tí FHA gbà wọ́n láyè láti gbà jẹ́ $1,800, ó sì jẹ́ $900 tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi kún un ní 2024. Ti VA jẹ́ $300. Ẹni tó ń ṣe mọ́géèjì tuntun ń jẹ ju ìyẹn lọ fíìfíì, ìdí nìyí tó fi ń pè yín lójoojúmọ́, tí àwọn ti ìhà kejì ò sì ní gbé fóònù.

Ẹ̀yin náà ló ń jàǹfààní owó kékeré yẹn o. Lórí mọ́géèjì tuntun, owó iṣẹ́ gbogbo máa ń wà láàrin 2% sí 5% iye ilé. Ti gbígbà kò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ máa fi san án ni sùúrù. Bí àwọn ọmọ bá gbọ́dọ̀ wọ ilé ìwé ní oṣù kẹjọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà. Kí ìwé ìrajà yín fún yín ní àkókò tó gùn, kó sì sọ ọ́ kedere pé bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, owó ìdúró yín (èyí tí ẹ kó sílẹ̀ láti fi hàn pé ẹ fẹ́ ra ilé náà) á padà sọ́wọ́ yín.

Èyí tó ń dá àwọn ènìyàn wa dúró jù ni owó tí kò ní ìtàn. Ẹ gba àjọ $20,000, ẹ kó o wọ báǹkì lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ ra ilé, ẹni tó ń yẹ ìwé wò á béèrè ibi tó ti wá, ìwé kékeré tí ìyá alájọ fi ń kọ orúkọ kò sì ní tẹ́ ẹ lọ́rùn. Oṣù méjì ìwé báǹkì ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Ẹ jẹ́ kí owó àjọ ti wà nínú rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Bó bá jẹ́ ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n, kó kọ lẹ́tà pé ẹ̀bùn ni, kì í ṣe gbèsè. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ni ẹ tà ní Ìbàdàn, ẹ tọ́jú ìwé ìtajà, ìwé pípààrọ̀ náírà sí dọ́là, àti ìwé báǹkì tó fi hàn pé owó náà wọlé. Àlàfo ńlá ń béèrè owó ńlá, owó ńlá sì ń béèrè ìwé, nítorí náà gbígba mọ́géèjì le lórí ọ̀rọ̀ yìí ju mọ́géèjì tuntun tí àkọ́san rẹ̀ kéré lọ.

Ohun tó lè wà lẹ́yìn ilé náà

Nígbà tí ẹ bá yá tuntun, báǹkì fúnra rẹ̀ máa rán ènìyàn wá díwọ̀n iye ilé, á sì ní kí wọ́n yẹ ìwé ilé wò nítorí owó tirẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gba ti onílé, kò sẹ́ni tó máa fi ipá mú yín ṣe ìkankan nínú wọn. Ẹ san owó díwọ̀n náà fúnra yín. Ní Houston, ẹ mú ẹni tó mọ ìpìlẹ̀ ilé dání, nítorí ilẹ̀ amọ̀ ibẹ̀ máa ń wú nígbà òjò, á sì sún kì nígbà ọ̀dá, ìpìlẹ̀ a sì máa là. Ẹ ra ínṣọ́ránsì ìwé ilé fún ara yín, èyí tó ń dáàbò bò yín bí ẹlòmíràn bá jáde pé òun ní ẹ̀tọ́ lórí ilé náà.

Ẹni tó bá yẹ ìwé ilé wò lè rí gbèsè kejì tí orúkọ Secretary of Housing and Urban Development, mínísítà ìjọba àpapọ̀ tí FHA wà lábẹ́ rẹ̀, wà lórí rẹ̀. Nígbà àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀ àwọn tó yá FHA tí wọn kò rí owó san gba ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní partial claim: wọ́n kó owó oṣù tí wọn kò san jọ, wọ́n sọ ọ́ di gbèsè kejì tí kò ní èlé, tó di sísan lọ́jọ́ tí wọ́n bá ta ilé. Onílé mìíràn ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Inú owó tirẹ̀ ló ti gbọ́dọ̀ jáde, kì í ṣe tiyín. Ẹ rí i dájú kí ẹ tó gbà pé àlàfo jẹ́ iye tí wọ́n pè é.

Ẹ má sì wo owó oṣooṣù onílé kí ẹ ní tiyín náà nìyẹn. Èlé àti gbèsè kò yí, owó orí ilé máa ń yí. Ní Texas, òfin kò jẹ́ kí iye tí wọ́n fi ń bu owó orí lé ilé tí ènìyàn ń gbé fò ju 10% lọ lọ́dún, ṣùgbọ́n ààbò yẹn á kúrò lọ́dún tó tẹ̀lé ọdún tí wọ́n ta ilé. Onílé tó ti pẹ́ níbẹ̀ lè máa san owó orí lórí iye tó kéré sí ohun tí wọ́n máa bù lé yín. Owó tó wà nínú àpò escrow rẹ̀ náà (ibi tí wọ́n ń kó owó orí àti ínṣọ́ránsì ilé jọ sí), ẹ̀yin lẹ ó dá a padà fún un lọ́jọ́ ìbuwọ́lùwé. Ẹ fi sínú ìṣirò.

Bó bá jẹ́ ilé ẹbí tẹ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ pátápátá, ó sì dùn mí pé àwọn ènìyàn wa kì í mọ̀ ọ́n lákòókò. Òfin 1982 kan náà tó fún báǹkì lágbára ló tún ní kí báǹkì má lè pe gbèsè náà nígbà tí ẹni tó yáwó bá kú tí ilé bá bọ́ sọ́wọ́ ìbátan tó fẹ́ máa gbé inú rẹ̀, nígbà tí ilé bá bọ́ sọ́wọ́ ọkọ, aya tàbí ọmọ ẹni tó yáwó, tàbí nígbà tí ilé ẹjọ́ bá fi ilé fún ọ̀kan nínú tọkọtaya tó kọ ara wọn. Ó kan mọ́géèjì báǹkì lásán náà, kì í ṣe FHA àti VA nìkan. Opó tí orúkọ rẹ̀ kò sí lórí mọ́géèjì lè máa san án lọ ní èlé tí ọkọ rẹ̀ gbà. Láti oṣù kẹrin 2018, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ilé iṣẹ́ tó ń gba owó náà máa bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lò bí oníbàárà wọn tó bá ti fi ìwé hàn pé òun ló ni ilé báyìí. Mo ti gbọ́ nípa ẹbí tó tètè ta ilé bàbá wọn nítorí ẹnì kan sọ fún wọn lórí fóònù pé gbèsè ti di sísan. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ fún agbẹjọ́rò.

Ọ̀nà kẹta tí wọ́n máa fi lọ̀ yín

Àwọn kan á sọ pé kí ẹ má wulẹ̀ sọ fún báǹkì: kí onílé kọ ilé sí orúkọ yín, kí mọ́géèjì wà ní orúkọ rẹ̀, kí ẹ máa san án lọ. Subject-to ni wọ́n ń pè é. Báǹkì lè pe gbogbo gbèsè lọ́jọ́ tó bá mọ̀. Onílé ṣì ni ajẹgbèsè, ẹ̀yin kò sì ní ẹ̀tọ́ kankan lọ́dọ̀ báǹkì. Mi ò gbà á nímọ̀ràn fún ẹbí tó ń wá ilé tí ọmọ á dàgbà sí.

Ta ló yẹ kó yan èwo?

Bí owó ọwọ́ yín bá tó àlàfo, tí oṣù mẹ́ta owó ilé sì ṣì kù lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹ fẹ́ gbé ibẹ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ, ẹ gba ti onílé. Bó bá jẹ́ VA, ẹ má ronú pẹ́. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ yá ju ìdajì àlàfo lọ, ẹ pò èlé méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú ínṣọ́ránsì. Bí ohun tó jáde kò bá fi 1% ó kéré tán rẹlẹ̀ sí mọ́géèjì tuntun, ẹ yá tuntun, kí ẹ fi owó ọwọ́ yín sílẹ̀ fún ọjọ́ àìròtẹ́lẹ̀. Mọ́géèjì tuntun ṣeé tún yá lọ́jọ́ tí èlé bá wálẹ̀. Ti onílé, ẹ kò ní fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́, nítorí ọjọ́ tí ẹ bá tún un yá ni 3% yẹn lọ tí kò ní padà. Ó sì ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: ẹ̀yin náà lè fi mọ́géèjì ọ̀hún lé ẹni tó bá ra ilé lọ́wọ́ yín lọ́wọ́.

Bí ẹ bá wà lórí físà ìgbà díẹ̀ bíi H-1B tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, láti ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 2025 FHA kò dúró fún mọ́géèjì tuntun irú yín mọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń gba owó onílé bóyá wọ́n á gbà yín fún gbígbà, kí ẹ tó san owó ìdúró tàbí owó àyẹ̀wò kankan. Ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin mìíràn lọ́wọ́ wọn: iye gbèsè tó kù gan-an, èlé tó wà lórí rẹ̀ lónìí bí wọ́n bá ti tún mọ́géèjì náà ṣe rí, iye ínṣọ́ránsì mọ́géèjì lóṣù, àti orúkọ ẹ̀ka tó ń bójú tó gbígbà, nítorí ẹni tó gbé fóònù yín níwájú kì í sábà mọ ohun tí ẹ ń sọ.